Bíbà Ló Ṣòro

Àjà kẹrin, ní Gdynia, létí òkun tí kì í gbóná.
Ignacy ti fi aṣọ ìbùsùn bo fèrèsé méjèèjì,
torí ojú ẹyẹ kò mọ̀ pé gíláàsì lára.
Ó bo dígí. Ó pa sítóòfù. Ó dé ìkòkò ọbẹ̀.
Ó fi ẹ̀pà mẹ́ta sí àtẹ́lẹwọ́,
ó na apá bí ẹni tó ń dúró de owó oṣù.

Odídẹrẹ́ ń wò ó láti ẹ̀yìn àga,
aláwọ̀ eérú, onírù pupa bí iná sìgá lókùnkùn.
Popiół lorúkọ rẹ̀, ìyẹn eérú, lẹ́nu wọn níbẹ̀.
Otylia ló ni ín, ẹ̀gbọ́n Ignacy, kó tó kú lóṣù Èrèlé,
Otylia tó ń fi sísọ́ọ̀sì gé ìyẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún.
Kì í ṣe ìkà o. Ẹ̀rù ló ń bà á,
kí ohun tó fẹ́ràn má baà fò lọ.
Ọdún mọ́kànlá lẹyẹ yìí fi ẹsẹ̀ rìn bí adìẹ.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Ignacy fi wa kírénì ní èbúté.
Òkè ló ń jókòó sí, níbi tí ẹyẹ òkun ti ń wo ènìyàn lójú,
tó ń gbé àpótí irin tó ju ilé baba rẹ̀ lọ.
Bí o bá bi í, á ní: ẹni tó lápá lè gbé nǹkan sókè.
Sísọ̀ ọ́ kalẹ̀ niṣẹ́.

Ọjọ́ kìíní, ìgbésẹ̀ kan péré, láti àga sí ọwọ́.
Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe méjèèjì:
ó kọ́kọ́ fò bí ọ̀pọ̀lọ́, kó tó fò bí ẹyẹ.
Kajetan, ọmọ ìsàlẹ̀, mú pẹ́ńsùlù wá,
ó ń sàmì sára ògiri: méjì, méjì àbọ̀, mẹ́ta.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Popiół gbéra, ó gbàgbé ibi tó ń lọ.
Ó yí yàrá po, apá ń dún pà-pà-pà,
kò mọ bí a ti ń dúró,
ó lọ lẹ̀ mọ́ kọ́tìnì bí aṣọ tí wọ́n sá gbàgbé.
Àyà Ignacy já. Kò pariwo.
Ó gbé àga sábẹ́ rẹ̀, ó na ìka.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹyẹ wúkọ́.
Ikọ́ Otylia ni, tòun ti ìmí gígùn tó máa ń tẹ̀lé e.
Ignacy dìde, ó bu omi sínú ife,
ó dé àárín yàrá kó tó rántí.
Ayékòótọ́, ta ló fẹ́ gba irú òótọ́ yìí lọ́wọ́ rẹ?

Lẹ́yìn náà ni ti orí kọ́bọ́ọ̀dù.
Ó gòkè lọ́sàn-án, kò lè wálẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ẹ̀pà kò tàn án. Ìpè kò tàn án.
Ignacy kàn dúró lábẹ́, láìmọ̀gbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí,
ìka kan dojú kọlẹ̀, ó ń rọ́ òbìrípo kékeré:
àmì tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń ṣe sí i nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀,
àmì "rọra sọ̀ ọ́, rọra, rọra."
Popiół tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.
Ó já ara rẹ̀ sílẹ̀.
Ó na ìrù bí abẹ̀bẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ síwájú,
ó fi ìyẹ́ di afẹ́fẹ́ mú,
èékánná mẹ́jọ bà sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó dùn ún.

"Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ," àwa la máa ń wí bẹ́ẹ̀.
Ignacy kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.
Ó ní kí Kajetan sàmì síbẹ̀, kó kọ déètì sí i.
Ẹyẹ jẹ ẹ̀pà méjì, ó ju ẹ̀kẹta nù,
ó sì yàgbẹ́ sí bàtà rẹ̀.